Gáàsì kì í ṣe kpayo: ẹ má jẹ́ ká fi ọwọ́ kan náà mú un

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná wa ni, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà wa ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ lọ́sàn-án. Ní oríta kan tí wọ́n ti ń ta kpayo, mo rí ọmọkùnrin kan tó dorí àgbá gáàsì ńlá kodò lórí àga onígi. Ó fi rọ́bà so ó mọ́ àgbá kékeré tó wà nílẹ̀, ó sì ń da omi gbígbóná sí ti òkè lára kí gáàsì inú rẹ̀ lè yára sọ̀ kalẹ̀. Kò jìnnà sí i rárá, ìyá kan ń din àkàrà. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìgò kpayo tò lórí tábìlì. Mo dúró. Mo ní, "Àbúrò, kí lò ń ṣe yìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ṣe é. Bí a ṣe ń da kpayo náà la ṣe ń da gáàsì."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: gáàsì kì í ṣe kpayo. Ọwọ́ tí kpayo kọ́ wa, bí a bá fi mú gáàsì, yóò pa wá.

Ohun tí kpayo kọ́ wa

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rí epo tó ń ti Nàìjíríà wọlé nínú bidon, lórí alùpùpù, nínú ọkọ̀ ojú omi. A mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu fa rọ́bà kí epo lè sọ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú ọkọ̀. Ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, kò ṣòro láti rí ẹni tí owó ìwé rẹ̀ ti inú ìgò kpayo jáde. Nítorí náà, èmi kọ́ ni mo máa bú àwọn tó ń tà á.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ní Kraké, ní agbègbè Sèmè-Podji, lẹ́bàá ẹnubodè, ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí gbaná. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ni pé ìgbà tí wọ́n ń sọ àwọn àpò epo kalẹ̀ ni iná ṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń lo epo, ìgbà tí wọ́n ń gbé e láti inú àpò kan sí ibòmíràn ni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu máa ń wà, yálà epo ni o, yálà gáàsì ni.

Bẹ́ẹ̀, kpayo tó pa wọ́n yẹn ṣì fara rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń gbé wọlé báyìí. Kpayo jẹ́ olómi. Bí o bá dà á sínú ìgò, yóò jókòó síbẹ̀. Oru rẹ̀ ló ń gbaná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgò lásán lè gbà á. Kò sí ìgò lásán tó lè gba gáàsì.

Kí ló wà nínú àgbá gáàsì?

Gáàsì tí a fi ń dáná nílé, butane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi di olómi, wọ́n wá sé e mọ́ inú irin. Kò fẹ́ wà níbẹ̀. Lítà 1 olómi yẹn, bí ó bá jò jáde, yóò fẹ̀ di afẹ́fẹ́ tó lé ní 200 lítà. Oru yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí ìlọ́po méjì. Kì í gòkè lọ bí èéfín igi. Ilẹ̀ ló ń rá lé. Ó ń wọ kòtò, ó ń wọ gọ́tà, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá. Bó bá pàdé iná níbikíbi, iná náà yóò tọ ọ̀nà tó gbà wá padà lọ sí ìdí àgbá.

Àwọn tí wọ́n ti ń lo gáàsì ṣáájú wa ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní Feyzin, lẹ́bàá ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n ń gbọ́n díẹ̀ lára gáàsì inú àgbá ńlá kan láti fi ṣe àyẹ̀wò. Ẹnu àgbá náà di yìnyín, kò ṣeé tì mọ́. Oru gáàsì rá lọ títí dé ojú ọ̀nà, ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ ló tan iná sí i. Àgbá náà bú gbàù. Ènìyàn 18 ló kú, 11 nínú wọn sì jẹ́ panápaná. Ilé iṣẹ́ ńlá ni o, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ronú kan oríta wa, tí àdògán alákàrà wà nítòsí.

Ẹ tún jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kíkún. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ gáàsì kì í rọ ọ́ kún dẹ́nu. Wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè, nǹkan bí ìdá 15 sí 20 nínú 100, nítorí pé bí oòrùn bá pa á, olómi inú rẹ̀ á wú. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó tó. Ìwúwo òfìfo ti wà ní títẹ̀ sára irin, wọ́n á wá fi kilo 6 tàbí kilo 12 ààbọ̀ lé e.

Ọmọkùnrin orí oríta kò ní òṣùwọ̀n. Mo bi í pé, "Kilo mélòó ló ti wọ inú kékeré yìí báyìí?" Ó gbé e sókè díẹ̀, ó ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó." Ọwọ́ ló fi wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì í wọ̀n, tó kún àkúnjù, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Oníbàárà á gbé e lọ sílé. Ó lè gbé e sí ojú oòrùn, ó lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àdògán. Olómi á wú, kò ní rí àyè, irin ni yóò yà. Ẹni tó ta á kò ní sí níbẹ̀. Ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ ni yóò wà níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ní Nàìjíríà, onílé ló ni àgbá rẹ̀, ó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, pààrọ̀ là ń ṣe: o gbé òfìfo wá, o gba kíkún. Pààrọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí àgbá padà sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ín, kí wọ́n yẹ irin rẹ̀ wò, kí wọ́n pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ bó bá ti ń jò. Àgbá tó ti di ti oríta, tí wọ́n ń rọ kún léraléra níbẹ̀, kò padà lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìpẹtà ń jẹ ìdí rẹ̀, kò sí ẹni tó máa wò ó.

Kí ni ká ti sọ nípa bí a ṣe ń gbé e? Mo máa ń rí i lórí zémidjan: wọ́n dùbúlẹ̀ àgbá sẹ́yìn, wọ́n fi rọ́bà dè é, ìyá gbé ọmọ pọ̀n tì í. Àgbá gáàsì, òró la fi ń gbé e. Nígbà tó bá wà lóòró, oru ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, olómi ló máa wà lẹ́nu rẹ̀, bó bá sì jò, olómi yẹn ni yóò tú jáde, tí yóò di ìlọ́po 200 lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn le jù báyìí lọ

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, kpayo ti wọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ìjọba ibẹ̀ wá ń rọ àwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n lo gáàsì tí wọ́n ń pè ní CNG, èyí tí èdè Faransé ń pè ní GNV. Ẹnubodè wa ò jìnnà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìdìrókò kì í pẹ́ dé Ìgolo. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ń bi ara wọn léèrè bí wọ́n ṣe lè so àgbá mọ́ ọkọ̀ tiwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. CNG kì í ṣe gáàsì ìdáná. Méthane ni, wọn kì í sọ ọ́ di olómi, ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré jẹ́ nǹkan bí bar 2. Butane inú àgbá ìdáná kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìyẹn nínú ooru wa. Ti CNG jẹ́ bar 200. Ẹni tó bá rọ CNG sínú àgbá tí a ṣe fún gáàsì ìdáná, bọ́ǹbù ló ń rọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ní ìlú Bìní ní ìpínlẹ̀ Edo ní Nàìjíríà, àgbá ọkọ̀ kan bú gbàù níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i, àwọn ènìyàn sì fara pa. Àwọn tó ń darí ètò CNG níbẹ̀ sọ pé àgbá náà kì í ṣe èyí tí a ṣe fún CNG, ńṣe ni wọ́n jó irin mọ́ irin. Gáàsì ò ṣẹ̀. Ilé tí wọ́n fi í sí ló ṣẹ̀.

Gáàsì olómi tí ọkọ̀ òkun ń gbé náà ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan náà. Láti ọdún 1999 ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé e ní Bonny lọ sí òkèèrè. Méthane yẹn náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n mú un tutù dé ìwọ̀n 162 nísàlẹ̀ òdo, ó wá sún kì títí ó fi gba àyè tó kéré ní ìlọ́po 600. Irin lásán kò lè gba irú òtútù bẹ́ẹ̀, ńṣe ni yóò fọ́ bí ìkòkò. Ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1944, wọ́n kó irú gáàsì yìí sínú àgbá ńlá kan tí irin rẹ̀ kò ní èròjà nickel tó. Àgbá náà ya. Gáàsì ṣàn wọ ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí abẹ́ ìlú, iná ṣẹ́, nǹkan bí 130 ènìyàn ló kú.

Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pariwo rẹ̀ jù báyìí ni hydrogène. Wọ́n ní òun ni epo ọ̀la. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, òun ló ṣòro tọ́jú jù. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dé bar 700. Bí wọ́n bá fẹ́ kó di olómi, ìwọ̀n 253 nísàlẹ̀ òdo ni. Ó ń gba ihò tí gáàsì mìíràn kò lè gbà jò jáde. Kò ní òórùn, iná rẹ̀ sì ṣòro rí lójú ọ̀sán. Ní Mali, nítòsí wa níbí, ní abúlé tí wọ́n ń pè ní Bourakébougou, wọ́n ń gbẹ́ kànga lọ́dún 1987. Dípò omi, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ jáde. Òṣìṣẹ́ kan tó ń mu sìgá yọjú wo ihò náà, iná bú sí i lójú. Wọ́n dí kànga náà pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n rí i pé hydrogène ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó sì fún abúlé náà ní iná mànàmáná. Kànga kan náà ló jó ènìyàn lójú, òun náà ló tan iná fún abúlé. Àwọn tó dé ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀ síra.

Nítorí náà, èmi kò sọ pé gáàsì kò ṣeé bá gbé. Ọ̀pá gáàsì kan tó gùn ní 678 kìlómítà ti Nàìjíríà gba abẹ́ òkun kọjá níwájú Kútọnu àti Lomé lọ sí Gánà. Gáàsì wà nínú rẹ̀ bí a ṣe ń sùn, tí a ń jí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣọ́ ọ. Ìbéèrè mi ni pé, ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń tọ́jú kilo 6 ní oríta, báwo ni yóò ṣe tọ́jú èyí tó ń bọ̀?

"Olùkọ́, owó oṣù ń wọlé fún ọ"

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ èyí, ó sì tọ́ kó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń lọ ra gáàsì ní oríta nítorí pé ó fẹ́ kú. Nígbà míì, gáàsì á wọ́n, a ó gbé òfìfo kiri láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, a ò ní rí i. Nígbà míì, gáàsì wà, ṣùgbọ́n owó kilo 6 kò sí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa tí a ń ra epo pupa ní ìgò kékeré, tí a ń ra kpayo ní lítà kan, gáàsì náà la fẹ́ rà díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún wa. Àìní wa ló fi ń jẹun. Kì í ṣe ìkà.

Mo sì mọ̀ pé igi kì í ṣe ìdáhùn. Èéfín ń ba ojú àti àyà àwọn ìyá wa jẹ́, igbó wa sì ń tán lọ. Èmi fẹ́ kí gáàsì wọ gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn lónìí tó lè jó ilé lọ́la, kò rọrùn.

Kí wá ni ká ṣe?

Èkíní, ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má ra gáàsì tí wọ́n rọ láti inú àgbá sí àgbá mọ́. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n. Ẹ wo ẹnu àgbá bóyá èdìdì ilé iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìdí rẹ̀, ẹ dá a padà. Bí kilo 6 bá wọ́n jù, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dá èésú, ẹ fi gáàsì kún un: lọ́sẹ̀ yìí, ti Ìyá Wálé, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ti Ìyá Ràfíù. Ohun tí à ń ṣe fún aṣọ òde, a lè ṣe é fún ẹ̀mí wa.

Èkejì, nínú ilé, ẹ gbé àgbá dúró lóòró níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó jìnnà sí iná. Ẹ fi omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò, ẹ má fi ìṣáná wá a láé. Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí ó lè kìlọ̀ fún wa. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa á. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù níbẹ̀. Ẹ ti ẹnu àgbá pa, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ilé bọ́ síta. Rọ́bà àti détendeur tó ti gbó, ẹ pààrọ̀ wọn, wọn ò wọ́n tó owó ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ má jẹ́ kí jóríjórí kankan so àgbá CNG mọ́ ọkọ̀ yín. Ẹni tó bá sọ pé òun lè ṣe é ní ẹ̀dínwó, owó òkú ló ń dín fún yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ará mairie, ibí ni ọ̀rọ̀ mi lè má dùn. Lílé kiri nìkan kò tó. A ti ń lé kpayo láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ó ṣì wà. Ẹ pe àwọn tó ń ta kpayo àti àwọn tó ń rọ gáàsì ní oríta, ẹ kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹ bá wọn wá àyè tó jìnnà sí ọjà àti àdògán, ẹ bá wọn ṣe àgò irin tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí wọ́n di alágbàtà tòótọ́ fún ilé iṣẹ́ gáàsì, kí wọ́n máa ta àgbá kékeré tó ní èdìdì. Wọ́n mọ ojú ọ̀nà, wọ́n mọ oníbàárà, wọ́n sì ti mọ́ra pẹ̀lú iṣẹ́ àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tí wọn ò ní ni òṣùwọ̀n, àyè àti ìmọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹni tó bá ṣì ń dorí àgbá kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà, ẹ jẹ́ kí òfin mú un. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, à ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin gáàsì lójú pátákó, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ń yege ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká gbé àgbá òfìfo kan wá sí kíláàsì, ká fi ìwúwo òfìfo tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ hàn wọ́n, ká ní kí wọ́n lọ wo tilé wọn wá. Ọmọ ló máa kọ́ ìyá rẹ̀ nílé.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní oríta yẹn, mo bi ọmọkùnrin náà pé, bí wọ́n bá fún ọ ní òṣùwọ̀n àti àyè, ṣé wàá ṣe é bó ṣe yẹ? Ó wò mí fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa fún mi?"

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ wá fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ará mairie, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Kútọnu àti ní òkè òkun, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ìjòyè ààfin, ta ló máa fún un? Ẹ má jẹ́ ká dúró kí iná dá wa lóhùn. Ẹ sọ tiyín, ẹ sì kà á sétí àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé.

Iná kò ní jó wa o.